Níbo Ni Kí N Gbé Ìbọn Kejì Sí?

Ọkọ mi ti ní ìbọn ìléwọ́ kan kó tó sọ fún mi pé ìbọn kan kò tó. Ìdí tábìlì ilé ìdáná la wà, ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ó ní olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn níbọn ló là á yé àwọn: ìbọn lè há lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ó lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, olè sì lè já a gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́n a máa ní èkejì, èyí kékeré, tí yóò wà níbi tí ojú kò tó.

"Tí èkejì bá há ńkọ́?" Mo bi í.

"Èkejì kì í há."

"Ta ló sọ fún yín? Ṣé òun kì í ṣe irin ni?"

"Ìwọ obìnrin yìí, everything is joke to you."

"Ẹ má bínú, Daddy. Mo kàn fẹ́ mọ iye ìbọn tó máa wà lára yín kí ẹ tó lè jáde lọ ra búrẹ́dì ni."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kì í ṣe lára mi. Lára ẹ ni. Ìwọ lo máa gbé èkejì."

Mo máa ń fi "ẹ" bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì rí èébú tí "ẹ" kò lè gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo dìde nídìí tábìlì. Mo kó àwo, mo lọ fọ̀ ọ́.

Kí n tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, ó yẹ kí n sọ bí ìbọn àkọ́kọ́ ṣe wọlé wa, nítorí orí mi ni wọ́n gbé e lé. Nọ́ọ̀sì ni mí lókè òkun níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, mo gbé obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sílé rẹ̀ ní Hillcrest Heights, mo sì yà sí ilé epo kan ládùúgbò náà. Bí mo ṣe ń ti ìdérí epo ọkọ̀ mi ni ọmọkùnrin méjì yọ sí mi. Ọ̀kan fi ìbọn hàn mí. Kò tilẹ̀ nà án sí mi, ó kàn jẹ́ kí n rí i ni. Mo na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i. Ẹnu mi wá sọ ohun tí n kò rán an: "Please, my food is on the back seat." Èkejì wọn ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé kúlà oúnjẹ mi jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Sorry, ma'am." Wọ́n sì gbé ọkọ̀ mi lọ. Mo dúró nílé epo, mo gbá ìrẹsì mi mọ́ra. N kò sunkún níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, tí mo fẹ́ ṣí kúlà, n kò lè ṣí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó ṣì ń bà mí títí dòní bí mo bá ń ra epo.

Àmọ́ ẹ̀rù ọkọ mi ju tèmi lọ, òun tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi ròyìn olè méjì tí mo rí fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ti di mẹ́rin. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti pọ̀ débi pé n kò mọ bí gbogbo wọn ṣe ráyè wọnú ọkọ̀ mi. Ti oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi, kò fi kún un rárá, torí pé kò bá ìtàn rẹ̀ mu. Àwọn ọlọ́pàá rí ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀, wọ́n kàn ti ìjókòó awakọ̀ sẹ́yìn ni. Ọkọ mi wo ìjókòó náà títí, ó mirí. "Wo bí ẹsẹ̀ wọn ṣe gùn tó," ló wí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìbọn.

Òun nìkan kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a lọ, àwọn bàbá onílé ńlá ní Mitchellville níbí, tí koríko iwájú ilé wọn gún régé ju irun orí wọn lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dúmbú adìẹ ọdún. Èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù láàárín wọn, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a pa aláǹtakùn. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n tẹ̀ka, ìjọba fún wọn níwèé àṣẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pàdé ní Sátidé láti máa fi àpò ìbọn han ara wọn, èyí aláwọ, èyí onírọ́bà. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Ìwé àṣẹ yẹn ní ìwà tirẹ̀ o. Ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ọsibítù. Kò gbọdọ̀ wọ ilé ìwé. Bó bá kọjá ààlà sí DC, olú ìlú ilẹ̀ yìí tó wà nítòsí wa, ìwé náà ti di bébà lásán, ọ̀daràn sì ni ẹni tó gbé e. Níbo wá ni ọkọ mi ń gbé e lọ? Ibi tí a ti ń ra iṣu ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti yan iṣu, á fi ọwọ́ kan tẹ ìbàdí rẹ̀, á máa wọ̀tún wòsì bí ẹni tó fẹ́ jí iṣu náà gbé. Ìgbà kan wà tí àgbà kan láti ìlú wọn wá kí wa. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ a máa kan ilẹ̀ gbalaja, ó wà lára ohun tí mo rí tí mo fi fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan tọ́ ilẹ̀, ó tún nà ró, nítorí irin tó wà níbàdí. Bàbá náà wò ó pẹ̀lú àánú.

"Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Láti ìgbà náà ni àwọn ará ìlú wọn ti ń fi òróró ìpara ránṣẹ́ sí wa. Ó ti kún dúrọ́ọ̀ kan nílé wa.

Èmi náà ò bọ́. Ó ní kí n wá kọ́ ọ, kí n má baà jẹ́ ẹni tí yóò máa sá nígbà tí òun bá ń jà. Mo bá a lọ. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni olùkọ́ náà, adúláwọ̀ bíi tiwa, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ọkọ mi yìn tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ yìn ín ló ń dijú, ọta rẹ̀ sì ń lọ gba bébà ẹni tó dúró lápá òsì rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo mí sínú, mo mí síta, mo yìn ín. Àárín gbùngbùn ni. Mo tún un yìn, àárín náà ni. Kò sí idán níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni mo ń tọ́jú, ọmọ tí apá rẹ̀ kò ju ìka mi lọ, tí èèyàn yóò sì wá iṣan níbẹ̀ tí yóò fi abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Olùkọ́ wo bébà mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Mama, you've done this before." Mo ní rárá. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ kan títí a fi délé.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ètò ìbọn kejì ti jáde. Èèyàn yóò rò pé nígbà tó ti hàn pé èmi ni ọta ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, èmi ni wọn yóò gbé ìbọn àkọ́kọ́ fún. Rárá o. Ọkùnrin ni olórí ilé. Òun ni yóò wà níwájú, èmi ni yóò wà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Bí tirẹ̀ bá há, tàbí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà náà ni n ó yọ tèmi. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń dijú yìnbọn ni yóò kọ́kọ́ yìn, ẹni tí ọta rẹ̀ ń bà yóò dúró dìgbà tí ilé bá ti dàrú tán. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú "ẹ" nínú. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele: lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ tèmi náà jáde, ó lọ bá mi yan ìbọn náà, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí mi. Ó dúdú, ó kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju fóònù mi lọ.

Ó yẹ kí n kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. N kò kọ̀ ọ́, torí ilé epo yẹn. Bí mo bá di ojú, mo ṣì ń rí ọmọkùnrin yẹn bó ṣe ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀ kí n lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé kó jẹ́ kí n gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan wò, lẹ́yìn náà n ó sọ fún un bóyá n ó máa gbé e tàbí n kò ní í gbé e.

"Ó dáa. Níbo lo máa gbé e sí?"

Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Àwọn tó ṣe ìbọn kò ro ti obìnrin Yorùbá mọ́ ọn. Ìbàdí kọ́: ìró ni mò ń ró nílé, ìró kì í ṣe bẹ́líìtì. Ṣòkòtò iṣẹ́ mi sì rèé, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló dì í mú, bí mo bá so irin mọ́ ọn, ojú àwọn aláìsàn ni yóò já bọ́ sí. Ọrùn-ẹsẹ̀ kọ́: ẹsẹ̀ mi ti ń wú láti ọjọ́ tó pẹ́, ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀ ni mo ń wọ̀ ṣiṣẹ́, kò sí àyè fún àlejò níbẹ̀. Obìnrin kan níbi tí a ti ń yìnbọn sọ fún mi pé àpò ìbọn kan wà tí wọ́n ń so mọ́ kọ́mú. Mo ní kó dákun, ọmú mi ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láyé yìí, ó ti bọ́ ọmọ, kò tún ní í ṣọdẹ. Ọkọ mi ní kí n máa fi í sínú ọkọ̀ bí mo bá dé ibi iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ara yín, Daddy. Ìbọn tí ẹ rà nítorí olè ọkọ̀ ni kí n fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ fún olè ọkọ̀?" Ó ní òun kò rò ó débẹ̀.

Báàgì ló kù. Báàgì mi tóbi, ó ní àpò kan nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ní sípù. Mo kó owó ẹyọ tó wà níbẹ̀ jáde, mo fi ìbọn síbẹ̀, mo fa sípù. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń fi í sílẹ̀ sínú àpótí irin nílé. Lọ́jọ́ tí n kò bá lọ, mo ń gbé e kiri. Mo gbé e lọ ra epo, mo sì ní láti sọ òótọ́, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn kò dín. Ó kàn yí padà ni. Tẹ́lẹ̀, mò ń bẹ̀rù pé ẹnì kan á yọ sí mi. Báyìí, mò ń bẹ̀rù pé ẹnì kan á yọ sí mi, n ó sì ní láti yan nǹkan kan.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa báàgì díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́.

Ọmọ mi obìnrin, ilẹ̀ yìí la bí i sí. Mo gbìyànjú lórí rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Kì í jẹ òkèlè. Ó máa ń pe àwọn àgbàlagbà ní orúkọ wọn bí wọ́n bá jẹ́ òyìnbó, ó ní wọ́n sọ pé kí òun máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo rí i dájú pé ó wọ̀ ọ́ lára: bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá wọlé, báàgì kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ lo máa gbà á. Nígbà tó wà ní kékeré, bí àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá sílé wa, á sáré lọ bá wọn, á di báàgì wọn mú. Ìyá kan tó ń gbé lójúlé kejì sí wa di tirẹ̀ mú pinpin, àwọn méjèèjì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà rò pé olè ni wá. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo tún yangàn. Ọmọ tó ń bá èèyàn du ẹrù kó lè bá a gbé e, ọmọ tèmi ni.

Òun náà ti wá di abiyamọ báyìí, ó ń gbé ní Glenarden pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọmọ mi, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Èyí, èmi ni mo kọ́ ọ fúnra mi. Bí mo bá ti wọlé wọn, á fi eré dé, á kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, á na ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Grandma. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín ní báàgì." Imú ló ń fi sọ ọ́, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni gbólóhùn Yorùbá tó pé tó wà lẹ́nu rẹ̀. Á gbé báàgì náà lọ sókè, á gbé e ka orí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, á tú gbogbo àpò inú rẹ̀ wò títí yóò fi rí súìtì tí mo ti fi pamọ́ síbẹ̀ fún un. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo ti sọ fún ara mi pé bí mo bá kú lọ́la, tí gbogbo èdè bá sì tán lẹ́nu wọn, gbólóhùn yẹn yóò kù, ọmọ yẹn yóò sì mọ ilé tó ti wá. N kò ní nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún un tó jù ú lọ.

Ó wá di Sátidé tí ọ̀sẹ̀ mi ń parí lọ. Ìyá ọkọ ọmọ mi ti Ìbàdàn dé láti wá rí wọn, a ní láti lọ kí i. Ọkọ mi wọ bùbá tó fẹ̀ nítorí ohun tó wà níbàdí. Mo fi súìtì sínú báàgì. A dé Glenarden, ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ náà sì fi eré dé.

"Ẹ káàbọ̀, Grandma. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín ní báàgì."

Mo gbé e fún un. N kò gbàgbé pé ìbọn wà níbẹ̀. Ǹ bá kúkú sọ pé mo gbàgbé. Ọwọ́ mi ni kò bi mí léèrè. Bí gbólóhùn yẹn bá ti wọ̀ mí létí, báàgì máa ń kúrò lọ́wọ́ mi ni. Ọmọ náà gbà á, ó wúwo fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gbá a mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gun àtẹ̀gùn lọ. Mo ti ya ẹnu láti pè é padà nígbà tí àna mi já sí pálọ̀, tó sì bọ́ sórí eékún.

"Háà! Àna mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ọ̀nà! Ẹ kú àtijọ́!"

Èmi náà kúnlẹ̀, a kì í jẹ́ kí àna ẹni nìkan kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń dìde, òun ń dìde, bí òun ṣe tún ń kúnlẹ̀, èmi náà ń kúnlẹ̀. "Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ilẹ̀ yìí ńkọ́? Bàbá wa, ṣé ẹ̀yìn yín ti fúyẹ́?" Ìròyìn òróró ìpara ti dé Ìbàdàn. Mo wo ọkọ mi lójú, mo fi ojú tọ́ka òkè. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ìbọn àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ digbí, kò há, kò bọ́, olè kò já a gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n kàn dé òkè…"

"Kò sí ibi tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́!" Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ta ló máa já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ àna tó ń gbàdúrà? "Ewu ò ní wu ọmọ wa o." Àmín. "Ibi ò ní mọ ojúlé yìí o." Àmín. "Ohun tó ń pa ọmọdé ò ní wọ ilé yìí o." Mo ń ṣe àmín, etí mi wà lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ nígbà tí sípù dún lókè, tàbí kó jẹ́ pé àyà mi ló ń dún. Mo sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run, gba ọwọ́ mi, gba ojú mi, gba ohun tó bá wù ọ́, má fọwọ́ kan ọmọ yẹn. N kò gbàdúrà báyẹn nílé epo.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, súìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró dìgbà tí àna mi ṣe àmín ìkẹyìn, torí pé mo ti kọ́ ọ pé a kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, ketekete.

"Grandma, there's a gun in your bag. I didn't touch it. I only took my candy."

Ilé ìwé wọn ló kọ́ wọn: bí ẹ bá rí ìbọn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lọ sọ fún àgbàlagbà. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ ni ilẹ̀ yìí ń kọ́ ọ ní ìbọn. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ló sì mọ̀ délẹ̀.

Àna mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì afimúsọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí ló wí? Kí ni ọmọ mi wí?"

"Ó ní òun ti rí súìtì," ọkọ mi dáhùn. Ó wá yí sí ọmọ wa tó ti jáde láti ilé ìdáná, tó dúró gbagidi pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "It's licensed," ló wí.

Ọmọ mi kò pariwo. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó rọra sọ pé, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá sókè." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Báàgì mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó nàró dáadáa, okùn rẹ̀ ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọmọ náà. Sípù inú ṣí. Mo fà á, mo gbé báàgì náà kọ́ apá.

"Ìwọ lẹ kọ́ ọ, Mummy," ọmọ mi wí. Ó fi ìwọ àti ẹ pọ̀ mọ́ ara wọn, bó ṣe máa ń ṣe bí ẹkún bá fẹ́ gbọ̀n ọ́n. "You taught her. And you taught me."

Mo fẹ́ sọ pé nítorí ààbò ni. Ojú tì mí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nínú ọkọ̀, ọkọ mi ní báàgì ló fa gbogbo rẹ̀, pé àwọn báàgì kan wà tó ní kọ́kọ́rọ́ lábẹ́. Mo ní, "Dákẹ́." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láìsí "ẹ" níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbà tí a délé, mo fi ìbọn náà lé e lọ́wọ́, mo sọ fún un pé ìdáhùn mi nìyẹn: n kò ní í gbé e lónìí, n kò ní í gbé e lọ́la. Ó dá a padà fún ẹni tó tà á. Ó ṣì ń gbé tirẹ̀. Ó ní ọkùnrin kò lè máa rìn lọ́wọ́ òfo. Mo ní kó máa ṣọ́ iṣu.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá kí ọmọ mi tó ní ká máa bọ̀. Èmi nìkan ni mo lọ. Mo tú gbogbo inú báàgì mi sórí tábìlì kí n tó jáde, mo gbọ̀n ọ́n wò, mo dá fóònù, pọ́ọ̀sì àti súìtì nìkan padà síbẹ̀. Ọmọ mi ṣílẹ̀kùn, ó kí mi, ó dì mọ́ mi. Ọmọ náà jáde wá. Kò sáré. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, Grandma."

Mo dúró de èyí tó kù. Mo na báàgì sí i díẹ̀, kó lè rántí. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"I'm not allowed to take bags anymore," ló wí. "Not from anybody."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí báàgì náà gbayawu níwájú rẹ̀, mo fa sípù inú, mo fi hàn án. Mo ní, "Wò ó, ọmọ mi. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Súìtì ẹ ni." Ó na ọrùn láti orí ìkúnlẹ̀ níbi tó wà, ó wo inú rẹ̀ dáadáa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń wo ohun tí àgbà bá fi hàn wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn.

"It's okay, Grandma," ló wí. "You can carry it."

Mo gbé báàgì mi wọlé fúnra mi.